Iná Orí Ọkọ̀ Ràfíù

Bàbá mi,

Ọmọ yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀ láti Koumassi, ní Abidjan níbí. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n, n kò sì mọ ẹni tí yóò ka èyí sí yín létí níbẹ̀. Ìyàwó Ràfíù, ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ilé, ní Èjìgbò gan-an, ni wọ́n ti bí i, ó sì mọ Yorùbá kọ dáadáa. Àwa tí wọ́n bí síbí, Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwọn tó rí ilé ìwé lọ nínú wa. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi oyin sí i. Ó jókòó síwájú mi lórí àpótí, ó ń wo ẹnu mi.

Ó pé ọdún méjì tí Ìyá Ràfíù, ìyàwó mi, ti wá bá yín. N kò ránṣẹ́ kankan láti ìgbà náà. Ṣé ẹ ti rí i? Ṣé ó ti sọ bó ṣe kú fún yín? Bó bá ti sọ ọ́, a jẹ́ pé mo ti pẹ́ jù, ẹjọ́ mi ti dé iwájú yín kí n tó wá rò ó. Bó bá sì jẹ́ pé ó dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iná.

Ràfíù, ọmọ ọmọ yín tí ẹ máa ń gbé sórí itan bí ẹ bá ń to abọ́ ní Treichville, ti di ọlọ́pàá. Ẹ kò rí i nínú aṣọ ìjọba kí ẹ tó lọ. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀sà. Bó bá fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, ó di dandan kó gba orí afárá. Nígbà míràn wọ́n á pè é lórí pọ́tábù, ìyẹn fóònù rẹ̀, lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ pé kó máa bọ̀ kíákíá. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló máa ń gbé lọ, ọkọ̀ tí kò ní àmì ìjọba kankan lára. Ta ni yóò yà fún un? Ní Abidjan yìí, gbogbo ẹni tó bá ti ń fọn fèrè ọkọ̀ ló máa ń ní ọlọ́pàá lòun.

Lóṣù tó kọjá, ó wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó ní ọ̀gá òun ti fọwọ́ sí ìwé pé òun lè ní iná tó ń bú yẹ̀rì, irú èyí tí èèyàn ń gbé lé òrùlé ọkọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú, tí á sì gbé e kúrò bó bá débi tó ń lọ. Jírófáà ni wọ́n ń pè é níbí. Ó ní èmi ni kí n bá òun yàn án, torí ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Mo ní kó lọ ra èyí tó bá wù ú.

Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin ni kí ẹ yàn án. N kò fẹ́ èyí tí yóò já mi kulẹ̀ lórí afárá."

Bó ṣe dárúkọ afárá, mo mọ ohun tó ń wá.

Mo lọ sí Treichville láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo gba iwájú ibi tí ẹ ti ń ta abọ́ tánganran kọjá. Táyà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ìka kan ìdí abọ́ kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá? Ẹ á dẹ etí sí i. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú, ẹ á dá a padà, ì báà dán bí òṣùpá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ojú máa ń tì mí tí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, èmi gan-an ni mo ń fi ìka kan ìdí iná láàárín ọjà.

Ọmọ Júlà kan ló ń tà á, òun àti àwọn nǹkan ọkọ̀ míràn. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣẹ̀kọ̀rọ̀bá," bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin lédè wọn, "ṣé ìwọ náà fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ ogbó ni?"

Mo ní, "Bí mo bá wọ̀ ọ́, ṣọ́ọ̀bù tìẹ ni n ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Háà, jókòó, Ṣẹ̀kọ̀rọ̀bá, jókòó! Ẹ bá mi gbé àga fún ọ̀gá ọlọ́pàá!"

Ó to mẹ́ta síwájú mi. Àkọ́kọ́ tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀. Gílóòbù kan ló wà láàárín rẹ̀, dígí kékeré ń yí gílóòbù náà ká, mọ́tò kékeré ló sì ń yí dígí. Mo gbé e sétí. Mọ́tò náà ń ha bí eku nínú àpò. Ìgbà òjò kan ṣoṣo, ó ti kú. Ó sì ń jẹ iná jù. Fíúsì ọkọ̀ Ràfíù á máa jó ni. Mo mọ ohun tí àwa tí à ń tún iná ọkọ̀ ṣe máa ń ṣe bí fíúsì bá ń jó léraléra: a ó ká bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ ọn, iná á kọjá, oníbàárà á lọ. Lọ́jọ́ kan wáyà á gbóná, ọkọ̀ á jóná. N kì í ṣe é sí ọkọ̀ ọmọ mi.

Èkejì rí pẹlẹbẹ. Ó ní rọ́bà méjì tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú láti inú ọkọ̀. Ó rẹwà, ó sì rọrùn láti fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn kò ní rí i. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, gíláàsì á máa da ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú awakọ̀ fúnra rẹ̀. Oòrùn ibí yìí á mú rọ́bà náà rọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iná á já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń sáré.

Ìkẹta rí roboto bí ìdérí abọ́. Kò ní mọ́tò. Àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń tàn tí wọ́n ń kú lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Òòfà ló wà nídìí rẹ̀, irin tó ń fa irin, wọ́n sì fi rọ́bà fẹ́lẹ́ bò ó kó má ha ọ̀dà ọkọ̀. Búlúù ni mo ní kó fún mi, torí aláwọ̀ ọsàn, ti àwọn tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ ni. Mo ní kó so ó mọ́ bátìrì, kó gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo rìn títí dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, mo yíjú padà. Mo rí i. Ojú mi yìí, tí kò rí abẹ́rẹ́ mọ́, rí i.

Ó ku òòfà. Takisí pupa kan dúró nítòsí. Mo bẹ awakọ̀ rẹ̀ pé kó jẹ́ kí n gbé e lé orí ọkọ̀ rẹ̀ láìtàn án, kí a jọ gba orí kòtò ẹ̀yìn ọjà.

Ó ní, "Tọ́ńtọ́n," bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ní Faransé ibí, "tí àwọn aláṣọ ìjọba bá mú mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ọ̀kan nínú wọn ni mo bí."

Ẹ wò ó, Bàbá. Títí di ọjọ́ náà, nínú oòrùn náà, ọ̀rọ̀ yìí ṣì dùn lẹ́nu mi.

A gba orí kòtò lọ, a gba orí kòtò bọ̀. Iná náà kò yẹ̀. Mo yẹ wáyà rẹ̀ wò: ó gùn láti ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú ọkọ̀ títí dé òrùlé, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ sì lè ti láìgé e. Awakọ̀ á fi ọwọ́ kan gbé e síta láìsọ̀kalẹ̀. Bó bá débi tó ń lọ, á fi ọwọ́ kan yọ ọ́, á tì í sábẹ́ ìjókòó, torí àwọn kan wà nílùú yìí tí wọ́n á sọ òkúta lù ú bí wọ́n bá mọ̀ pé ọkọ̀ ọlọ́pàá ló dúró síbẹ̀. Mo mú un. Kò sí èyí tó dára tó o. Mo yàn án dáadáa, mo sì mọ̀ bí mo ṣe ń yàn án pé kò wúlò fún ohun tí ọmọ náà tìtorí rẹ̀ wá a. Ojú ọ̀nà kọ́ ló pa ìyá rẹ̀. Èmi ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Àárọ̀ ni. A ti jẹun tán. Ìyá Ràfíù ń ká aṣọ tó sá sórí okùn, apá rẹ̀ òsì kọ̀, kò gbéra mọ́. Ó pè mí, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀. Mo gbé e jókòó. Mo pe Ràfíù, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni, ó ní òun ti ń bọ̀. Aládùúgbò wa kan wà níwájú ilé, wôrô-wôrô ló ń wà, àwọn takisí tí èrò ń jọ wọ̀ yẹn. Ó ń nu ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó jáde. Ó sáré wọlé, ó wo ojú ìyàwó mi, ó sáré jáde lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé e! Treichville ni ilé ìwòsàn wà, kò jìnnà, kò sí afárá níbẹ̀!"

Mo ní rárá. Mo ní ọmọ mi ọlọ́pàá ń bọ̀ wá gbé ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀yin mọ ohun tí ojú wa rí nílùú yìí. Treichville ni ẹ bí mi sí. Síbẹ̀, nígbà tí ìlú dàrú, wọ́n ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń yí káàdì mi síwá sẹ́yìn, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni mo ń lọ sílé. Ilé wo? Nínú agbo ilé wa, àwọn kan ń pè mí ní àlejò lójú ara mi. Láti ọjọ́ tí Ràfíù ti wọ aṣọ ìjọba, wọ́n pa ẹnu mọ́. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n rí ọmọ mi tó ń gbé ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ìyẹn náà ni. Kò sí ohun míràn lábẹ́ rẹ̀. N kò ro ti ikú, ojú èèyàn ni mo rò.

Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ, ẹ má bínú. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń jẹ atíẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìlú yìí, ní kọ̀rọ̀, tí ẹ ó ti ilẹ̀kùn, kí àwọn ará Èjìgbò má baà ní ẹ ti di ará ibí? A máa ń gbọ́ òórùn ẹja dídín láti ìta, a ó sì ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́. Ti yín kò pa ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ràfíù ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo ní, "Fara balẹ̀, ó ti ń bọ̀."

Awakọ̀ náà dúró. Ó wo aago rẹ̀, ó wò mí, ó tún dúró. Nígbà tó pẹ́, ó mi orí, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó lọ. Ìyá Ràfíù tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ náà kò já geere mọ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo tún ní kó fara balẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ láti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń já ẹrù sí ti bàjẹ́ sójú ọ̀nà, ó dí afárá pa. Ràfíù wà lórí afárá náà, ó ń fọn fèrè, ó ń na káàdì ọlọ́pàá rẹ̀ síta, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó fi dé, ó ti tó wákàtí méjì. Ẹ̀wù rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn. Ó gbé ìyá rẹ̀. Gbogbo agbo ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí i bí mo ṣe fẹ́. Ẹnu géètì ilé ìwòsàn ni èémí ìyàwó mi ti dákẹ́.

A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn níbẹ̀. Ràfíù bi mí, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí ọkọ̀ kankan nítòsí yín ni?"

Mo dákẹ́.

Ó gbà pé kò sí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tí kò bá lè sọ òótọ́, kó dákẹ́, kó má parọ́. Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ìdákẹ́ náà lẹ́nu? Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, mo dákẹ́ níbi ìsìnkú, mo dákẹ́ lọ́jọ́ kẹjọ, mo dákẹ́ fún ọdún méjì. Kò sí irọ́ kan lẹ́nu mi, irọ́ náà sì ń dàgbà.

Ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí mo ra iná, ìyàwó Ràfíù tó ń kọ̀wé yìí wá kí mi. Mo béèrè ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ó sọ. Ó ní ọkọ òun kì í sùn. Láti ọdún méjì, á dìde, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á máa ro ojú ọ̀nà: bóun bá ti gba afárá kejì ńkọ́, bóun bá ti sọ̀ kalẹ̀ tóun fi ẹsẹ̀ sáré ńkọ́. Ó ní, "Bàbá, bóyá iná tí ẹ rà yìí á fọkàn rẹ̀ balẹ̀." Mo wò ó. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ràfíù dé lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi. Mo ṣí ìdí ihò sìgá ọkọ̀ rẹ̀, mo pààrọ̀ wáyà tó ti jẹrà níbẹ̀, mo fi fíúsì tuntun sí i. Mo fi han ọmọ náà bí á ṣe máa gbé e síta, bí á ṣe máa ká wáyà rẹ̀ kó má baà ṣẹ́. Ó gbé e lé òrùlé ọkọ̀, ó tàn án. Àwọn ará gàráàjì tó wà níwájú wa kígbe sí i, wọ́n ní, "Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ má mú wa o!" Ó rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tó yíjú sí mi, ẹ̀rín náà ti tán. Ó ní, "Bàbá, ká ní èyí wà lórí ọkọ̀ mi lọ́jọ́ náà, Màmá á ṣì wà."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lára ọkọ̀. Mo ní, "Ràfíù, ọkọ̀ wà."

Ó ní, "Ọkọ̀ wo?"

Mo sọ fún un. Mo dárúkọ awakọ̀ náà, mo sọ ilẹ̀kùn tó ṣí, mo sọ ohun tí mo wí àti ìdí tí mo fi wí i. N kò sunkún, n kò bẹ̀ ẹ́. Iná náà ń tàn, ó ń kú lójú rẹ̀. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo.

Ó ní, "Ṣé Màmá sọ pé kí ẹ máa gbé òun lọ?"

Mo lè dákẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Mo ní, "Ó sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ó pa iná. Ó yọ ọ́ lórí ọkọ̀, ó ká wáyà rẹ̀ bí mo ṣe fi hàn án gẹ́lẹ́, ó tì í sábẹ́ ìjókòó. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Bí oníbàárà ṣe ń wí i fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Jímọ̀ mẹ́ta ti kọjá. Kò wá. N kò pè é.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbé bírò sílẹ̀ báyìí. Mo ní kó gbé e, kó kọ ọ́ pé ó gbé e sílẹ̀. Kò mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ó ní ọkọ òun kò sọ fún òun. Mo ní ṣé ó bínú sí mi? Ó fi ìdí gèlè nu ojú, ó wolẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ó ń sùn."

Mo ní kó tún un sọ.

Ó ní, "Ó ń sùn. Láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Bó bá ti fi orí lélẹ̀, ó di àárọ̀. N kò mọ ohun tó fà á, mo rò pé iná yẹn ni."

Mo ní ṣé ó ń dárúkọ mi? Ó ní rárá. Bí ọmọ bá béèrè bàbá àgbà, á ní wọ́n wà ní Koumassi, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Bàbá mi, mi ò ní ohun púpọ̀ mọ́ láti sọ. Ṣé èèyàn lè pàdánù ọmọ lọ́jọ́ tó sọ òótọ́ fún un, kó sì mọ̀ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ kò ní dá mi lóhùn, mo mọ̀. Bí ẹ bá rí ìyàwó mi, ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti ń sùn. Ìyẹn nìkan ni kí ẹ sọ. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ bí ní Treichville, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ di òní.